Ilé àti ooru fún ejò ọ̀sìn: bí a ṣe ń tò ó kí ejò tó wọlé

Ejò kì í dá ooru ara rẹ̀ ṣe bíi ti ènìyàn tàbí ajá. Ibi tó bá dùbúlẹ̀ sí ló ti ń gba ooru, ooru yẹn ló fi ń da oúnjẹ, òun náà ló fi ń bá àìsàn jà. Ejò tó gbé eku mì nínú òtútù kò ní rí i dà. Eku náà á máa jẹrà sí i nínú títí yóò fi pọ̀ ọ́ jáde. Nínú igbó, bí ara rẹ̀ bá tutù, á yọ síta oòrùn. Bí ara bá gbóná jù, á wọ ihò lọ. Nínú àpótí tí a bá fi í sí, kò síbi tó fẹ́ gbà. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ ká wá ìwọ̀n ooru kan ṣoṣo ká sì fi kún ilé rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ohun tó yẹ ni kí apá kan gbóná, kí apá kejì tutù, kí ibùba wà lápá méjèèjì, kí ejò fúnra rẹ̀ máa yan èyí tó bá wù ú.

Ejò méjì la ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí àwọn ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ń sìn: ball python, erè kékeré tó máa ń ká ara mọ́ orí bí ẹ̀rù bá bà á, àti corn snake, ejò tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní oró. Bí tiyín bá jẹ́ irú mìíràn, ètò náà kò yí padà. Ìwọ̀n ooru àti ọ̀rinrin ló máa yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ ejò olóró kò sí níbí rárá. Kí owó tó jáde lápò, ẹ wádìí bóyá òfin ibi tí ẹ ń gbé fàyè gba sísin ejò, ẹ sì ra èyí tí wọ́n bí sínú ilé dípò èyí tí wọ́n mú nínú igbó. Gbogbo irú erè ló wà nínú àkọsílẹ̀ àdéhùn CITES lórí òwò ẹranko igbó láàárín orílẹ̀-èdè, nítorí náà ẹ bèèrè ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tà á fún yín.

Ìwọ̀n tí à ń lé

Fún ball python: ojú òkúta tàbí igi tó wà lábẹ́ iná, 31 sí 33°C, afẹ́fẹ́ apá gbígbóná, 28 sí 30°C, apá tútù, 24 sí 26°C, lóru, kó má lọ sísàlẹ̀ 22°C. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, 55 sí 70%.

Fún corn snake: ojú òkúta, 29 sí 32°C, apá tútù, 22 sí 25°C, lóru, 20°C kò burú. Ọ̀rinrin, 40 sí 60%.

Nínú òtútù àti ooru àpọ̀jù, ooru ló yára pa ejò jù. Òtútù alẹ́ kan lè mú kó kọ oúnjẹ, ó tán. Ṣùgbọ́n bí gbogbo àpótí bá kọjá 35°C tí kò sì ríbi sá sí, ó lè kú láàárín wákàtí díẹ̀.

Àpótí náà

Fún ejò tó ti dàgbà nínú àwọn méjèèjì, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àpótí tó gùn ní 120 cm, tó fẹ̀ ní 60 cm, tó sì ga ní 60 cm. Bí ejò bá gùn ju 120 cm lọ tí àyè sì wà, ẹ jẹ́ kí àpótí gùn tó o, kó lè na ara rẹ̀ gbọọrọ. Yàtọ̀ sí àyè ìrìn, gígùn yẹn ló ń jẹ́ kí ooru ní ibi tó dé àti ibi tí kò dé. Nínú àpótí tí kò ju 45 cm lọ, ooru apá kan á ti kan ògiri apá kejì, apá tútù á wá di orúkọ lásán.

Àwọn kan máa ń sọ pé ejò kékeré kì í jẹun nínú ilé ńlá. Òfìfo ló ń bà á lẹ́rù níbẹ̀. Bí ibùba, ewé àti igi bá pọ̀ débi pé ó lè rìn láti apá kan dé èkejì láìfara hàn, kò sóhun tí ilé ńlá fẹ́ fi í ṣe. Bó bá jẹ́ ọmọ ejò tí ẹ fẹ́ máa ṣọ́ bóyá ó ń jẹun, àpótí ike 60 × 40 cm dára fún oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́; ètò ooru kan náà ló máa gbà.

Pákó ló ń pa ooru mọ́ jù, omi ló sì ń bà á jẹ́. Ẹ lo plywood tó nípọn tó 15 sí 18 mm. Lẹ́yìn tí káfíńtà bá kàn án tán, ẹ kun inú rẹ̀ ní fáníìṣì tí wọ́n ń fi omi pò, lẹ́ẹ̀mẹta, kí ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó gorí rẹ̀. Bó bá ti gbẹ, ẹ fi sílíkóònù tí wọ́n fi ń lẹ àpótí ẹja dí gbogbo oríkèé inú rẹ̀, ẹ fi ìka tí ẹ ti rẹ sómi tẹ̀ ẹ́ wọlé títí ojú rẹ̀ á fi dán; fáníìṣì kì í lẹ̀ mọ́ sílíkóònù. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Ẹ ti orí bọ inú rẹ̀, ẹ fa imú: bí ẹ bá ṣì gbóòórùn fáníìṣì tàbí òórùn kíkan sílíkóònù, kò tíì tó. Ẹ tan iná ooru inú rẹ̀ fún ọjọ́ kan kí ẹ tún fa imú, nítorí ooru máa ń yọ òórùn tó ti sá pamọ́.

Dígí rọrùn láti fọ̀, ooru àti ọ̀rinrin ló ń jò lára rẹ̀, pàápàá èyí tí orí rẹ̀ jẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Ẹ bo ìdá méjì nínú mẹ́ta nẹ́ẹ̀tì náà pẹ̀lú fọ́ìlì tàbí ike líle, kí ibi tí gílóòbù wà ṣí sílẹ̀. Ẹ lẹ bébà dúdú mọ́ ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti ìta. Ejò tó ń rí ìta ní ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í fara balẹ̀. Àpótí PVC, ìyẹn ike líle, kì í jẹrà, ó fúyẹ́, ó sì ń pa ọ̀rinrin mọ́. Owó rẹ̀ nìkan ni ìjà rẹ̀.

Ihò afẹ́fẹ́ méjì tó: ọ̀kan nísàlẹ̀ lápá tútù, ọ̀kan lókè lápá gbígbóná. Afẹ́fẹ́ gbígbóná á máa gba òkè jáde, tútù á máa gba ìsàlẹ̀ wọlé. Àpótí tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dúró sójú kan tó tún lọ́rinrin á máa hu ewú ni.

Ní ti ilẹ̀kùn, ẹ má fojú kéré agbára ejò. Ibi tí orí rẹ̀ bá ti kọjá, gbogbo ara á tẹ̀ lé e. Ẹ mú pẹ́ńsù kan, ẹ fi gbá gbogbo etí ilẹ̀kùn, àárín dígí méjì tó ń rọra kọjá lára wọn, àti ihò tí wáyà ń gbà: ibi tí pẹ́ńsù bá wọ̀, ọmọ ejò á wọ̀ ọ́. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Òkúta tí ẹ gbé lé ìdérí kì í ṣe kọ́kọ́rọ́. Ejò á máa fi orí ti ìdérí náà lóru títí yóò fi yẹ̀.

Ohun tó ń mú ooru wá

Lójú ọjọ́, gílóòbù halogen tí iná rẹ̀ ń tàn káàkiri ló dára jù. Ooru rẹ̀ ń wọ inú ẹran ara dípò kó dúró lórí awọ nìkan, ó sì ń jẹ́ kí ejò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Fún àpótí 120 × 60 × 60 cm nínú yàrá tó wà ní 20 sí 24°C, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 75 wáàtì. Bí yàrá bá tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, 100 wáàtì; bó bá gbóná, 50 tó. Ẹ ó mọ̀ bí ẹ bá ṣì í mú: gílóòbù tó bá ń tàn dé góńgó látàárọ̀ dalẹ́ tí òkúta kò sì gbóná tó, ó kéré, èyí tí thermostat, ẹ̀rọ tó ń ṣàkóso ooru, rọ̀ sílẹ̀ débi pé ó kàn ń pọ́n rẹ̀rẹ̀, ó tóbi jù.

Lóru, bí yàrá yín kì í bá lọ sísàlẹ̀ ìwọ̀n tí a kọ sókè yìí, ẹ pa gbogbo iná, ó parí. Bó bá ń lọ sísàlẹ̀, ẹ fi gílóòbù sẹ̀rámíìkì kún un, èyí tí kì í tanná rárá tó kàn ń gbóná. Ojú rẹ̀ lè kọjá 200°C, nítorí náà ìdí gílóòbù, ìyẹn ibi tí ẹ máa yí i wọ̀, gbọ́dọ̀ jẹ́ ti sẹ̀rámíìkì náà. Ti ike á yọ́, á sì dá iná sílẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ó máa ń gbẹ afẹ́fẹ́. Pánẹ́ẹ̀lì ooru tí wọ́n ń kàn mọ́ àjà lè ṣe iṣẹ́ òru yìí pẹ̀lú, ara rẹ̀ kì í sì gbóná tó ti sẹ̀rámíìkì.

Ẹní ooru, èyí tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ àpótí, wúlò fún àpótí ike ọmọ ejò. Kì í mú afẹ́fẹ́ gbóná, ilẹ̀ nìkan ló ń mú gbóná, nítorí náà kò lè dá gbọ́ bùkátà àpótí ńlá. Kó má ju ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ àpótí lọ. Abẹ́ ní ìta ló ń wà, ẹ má gbé e sínú. Ẹ fi ẹsẹ̀ kékeré gbé àpótí dígí sókè kí afẹ́fẹ́ lè kọjá lábẹ́ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ooru á há síbẹ̀, dígí á sì sán.

Ohun méjì wà tí ẹ kò gbọdọ̀ rà bó ti wù kí wọ́n pọ́n ọn lé tó. Àkọ́kọ́ ni òkúta oníná tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì: ojú kan ṣoṣo ló máa ń gbóná lára rẹ̀, ejò kì í sì tètè mọ̀ pé abẹ́ ikùn òun ń jó. Èkejì ni gílóòbù pupa tàbí búlúù tí wọ́n ní ejò ò lè rí. Ó ń rí i, òru rẹ̀ á sì dàrú.

Gílóòbù tó bá wà nínú àpótí, ì báà jẹ́ èyí tó ń tanná tàbí èyí tí kì í tàn, gbọ́dọ̀ wà nínú àgò onírin. Ejò á gùn ún, á wé mọ́ ọn, nítorí ibẹ̀ ló gbóná, awọ rẹ̀ á sì bó kó tó mọ̀ pé ohun kan ń ṣe òun.

Thermostat

Ibí ni kí owó yín lọ sí jù. Àpótí lè jẹ́ àlòkù, òkúta lè jẹ́ èyí tí ẹ ṣà nílẹ̀ tí ẹ sì fọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun amóoru kan tó gbọdọ̀ wà nílé ejò láìsí thermostat lórí rẹ̀, títí kan ẹní ooru tó kéré jù lọ.

Oríṣi mẹ́ta ló wà. Èyí tó rọrùn jù ń tan iná, ó sì ń pa á pátápátá. Ó dára fún ẹní ooru. Ẹ má lò ó fún gílóòbù tó ń tanná, nítorí á máa ṣẹ́jú látàárọ̀ dalẹ́, kò sì ní pẹ́ jó. Èkejì ń fi iná ránṣẹ́ ní ìwọ̀nba, ìwọ̀nba. Ó bá sẹ̀rámíìkì, pánẹ́ẹ̀lì àti ẹní ooru mu. Ẹ̀kẹta ń dín iná kù, ó sì ń fi kún un bí a ṣe ń yí ohùn rédíò; òun ló wà fún halogen. Ẹ wo wáàtì tí wọ́n kọ sí ara thermostat, kí àpapọ̀ ohun tí ẹ kì bọ̀ ọ́ má kọjá rẹ̀. Bí ẹ bá ń lo halogen lọ́sàn-án àti sẹ̀rámíìkì lóru, thermostat méjì lẹ nílò, kí halogen sì wà lórí aago tó ń tàn án fún wákàtí 12 lóòjọ́.

Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń jáde lára thermostat; orí wáyà yẹn ló ń mọ bí ibẹ̀ ṣe gbóná tó. Thermostat ò rí ejò, kò rí òkúta. Ibi tí orí wáyà bá wà nìkan ló mọ̀. Bí ejò bá fara gbá a tó sì bọ́ sínú abọ́ omi, thermostat á gbà pé òtútù ti mú gbogbo ilé, á tan iná dé góńgó, kò sì ní dín in kù mọ́, òkúta á di 50°C kó tó dàárọ̀. Bákan náà ni bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn tí ẹ sì fà á jáde láìmọ̀. Nínú gbogbo ohun tó ń pa ejò ọ̀sìn nípa ooru, ẹ wo ibí yìí kí ẹ tó wo ibòmíràn.

Fún halogen, ẹ kan orí wáyà mọ́ ògiri ní ẹ̀gbẹ́ òkúta, ní ìwọ̀n gíga ẹ̀yìn ejò tó bá dùbúlẹ̀ síbẹ̀, kì í ṣe gan-an lábẹ́ iná. Lẹ́yìn náà ẹ máa yí nọ́ńbà thermostat lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ títí ojú òkúta á fi dúró ní 32°C. Nọ́ńbà ojú thermostat lè jẹ́ 28 tàbí 35, kò kàn wá. Ooru ojú òkúta la ń wá. Fún ẹní ooru, ẹ fi orí wáyà sáàárín ẹní àti abẹ́ àpótí. Kí ẹ wá yí ìtẹ́lẹ̀ kúrò nínú àpótí ní ojú ibẹ̀, kí ẹ wọn ooru ilẹ̀ rẹ̀ lásán: kó má kọjá 33°C, nítorí ejò á gbẹ́ ìtẹ́lẹ̀ dé ilẹ̀.

Ìṣó oníke tí wọ́n fi ń de wáyà mọ́ ògiri, tàbí ẹ̀kán sílíkóònù kan, ni kí ẹ fi dè é. Ẹ má lo téèpù nínú ilé ejò rárá. Ọ̀rinrin á tú u, ejò á lẹ̀ mọ́ ọn, ẹni tó bá sì já a á já ìpẹ́ àti awọ mọ́ ọn. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ fi òróró ìsebẹ̀ rẹ téèpù náà títí yóò fi rọ tó sì tú fúnra rẹ̀.

Ohun ìwọ̀n

Òṣùwọ̀n olójú róbótó bí aago tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ dígí máa ń parọ́. Ẹ ra onínọ́ńbà méjì, ọ̀kan fún apá kọ̀ọ̀kan, kí ó máa wọn ooru àti ọ̀rinrin pọ̀. Fún ojú òkúta, èyí tí wọ́n ń nà bí ìbọn ló yẹ. Èyí tí wọ́n fi ń wọn iwájú orí èèyàn kò wúlò níbí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ka ohun tó bá tutù ju ara èèyàn lọ dáadáa. Ti oníṣẹ́ ọwọ́ ni kí ẹ rà.

Òṣùwọ̀n ọ̀rinrin tuntun pàápàá lè yẹ̀. Ẹ bu iyọ̀ kún ìdérí ìgò kan, ẹ kán omi sí i títí yóò fi dà bí iyanrìn tó tutù, kó má yọ́. Ẹ gbé e pẹ̀lú òṣùwọ̀n náà sínú ọ̀rá tó ṣe é dí pa, kí wọ́n má fara kanra, ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú. 75% ló yẹ kó kọ. Bó bá kọ 70, ẹ mọ̀ pé 5 ni ẹ ó máa fi kún ohun tó bá sọ.

Títò ó

1. Ẹ gbé àpótí síbi tí oòrùn ojú fèrèsé kò ti lè bà á, tí fáànù tàbí ẹ̀rọ amúlétutù kò fẹ́ sí i, kí ó sì ga nílẹ̀ díẹ̀. Oòrùn wákàtí kan lára dígí lè ba gbogbo ètò yìí jẹ́, thermostat kò sì lè ṣe nǹkan kan sí i.

2. Ẹ kan ìdí gílóòbù àti àgò rẹ̀ mọ́ àjà, láàárín ìdá kan nínú mẹ́ta tó wà lápá gbígbóná. Skúrúù ni kí ẹ lò. Ẹ dí ihò wáyà. Kí wáyà kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì kó tó gòkè wọ̀ ọ́, kí omi tó bá ń ṣàn lára rẹ̀ lè kán sílẹ̀ dípò kó wọ inú iná.

3. Ẹ gbé òkúta pẹlẹbẹ kan, bíi 30 × 30 cm, lé ilẹ̀ àpótí lábẹ́ iná. Ilẹ̀ gan-an, kí ìtẹ́lẹ̀ tó wọlé. Òkúta tí ẹ gbé lórí ìtẹ́lẹ̀ á rì nígbà tí ejò bá gbẹ́ abẹ́ rẹ̀, á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí nǹkan bíi 30 cm wà láàárín òkúta àti àgò.

4. Ẹ kan orí wáyà thermostat sí àyè rẹ̀.

5. Ẹ da ìtẹ́lẹ̀ sí i, 8 sí 10 cm. Fún ball python, èèpo àgbọn tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tàbí ilẹ̀ dúdú tí kò ní ajílẹ̀ tí ẹ pò mọ́ iyanrìn ní 60 sí 40. Fún corn snake, èérún igi aspen náà dára, níwọ̀n bí kò bá ti rin. Igi cedar àti pine kò gbọdọ̀ débẹ̀. Òórùn dídùn inú wọn ń ba ẹ̀dọ̀fóró ejò jẹ́. Bí ejò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí ejò mìíràn sì wà nílé, bébà funfun nìkan ni kí ẹ tẹ́ fún un, ní yàrá ọ̀tọ̀, fún 90 ọjọ́, kí ẹ lè rí ìgbẹ́ rẹ̀ àti kòkòrò tó bá wà lára rẹ̀.

6. Ibùba méjì, bákan náà ní títóbi, ọ̀kan lápá gbígbóná, ọ̀kan lápá tútù. Kí ẹnu rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, kí inú rẹ̀ há débi pé ara ejò á kan ògiri àti òrùlé rẹ̀. Bó bá jẹ́ lápá kan ṣoṣo ni ibùba wà, ejò á jókòó síbẹ̀ fún ìfọ̀kànbalẹ̀, yálà ooru ibẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn tàbí kò tẹ́ ẹ.

7. Abọ́ omi tó wúwo, tó gba gbogbo ara ejò, lápá tútù.

8. Ẹ fi ẹ̀ka igi, ewé gbígbẹ àti ewé oníke kún àárín títí ẹ ò fi ní fojú kan ilẹ̀ lásán tó fẹ̀. Ẹ̀ka tí ejò máa gùn gbọ́dọ̀ gba skúrúù.

9. Òṣùwọ̀n kan lápá kọ̀ọ̀kan, 5 cm sókè ìtẹ́lẹ̀. Èyí tó wà lápá gbígbóná á tún máa ṣọ́ thermostat fún yín. Bó bá ní aago ìkìlọ̀, ẹ fi sí 35°C.

Iná UVB, èyí tó ń tan irú ìtànṣán kan tó wà nínú oòrùn, kò di dandan fún ejò tó ń jẹ odidi eku, àmọ́ ó dára. Bí ẹ bá fi sí i, kí ó jẹ́ T5, iná ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, oní 5 tàbí 6%, tó gùn tó ìlàjì àpótí, lápá gbígbóná. Dígí kì í jẹ́ kó kọjá, nítorí náà inú àpótí tàbí orí nẹ́ẹ̀tì ló ń wà. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún bó tilẹ̀ ṣì ń tàn.

Ọ̀rinrin

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fín omi sójú ìtẹ́lẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Òṣùwọ̀n á fò dé 90, wákàtí méjì lẹ́yìn náà á padà sí 40, ejò á sì máa sùn lórí ohun tó rin. Abẹ́ ikùn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ìpẹ́ á wú, á sì máa jẹrà. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àpótí ni kí ẹ da omi sí dípò ìyẹn, nǹkan bíi lítà kan lápapọ̀. Omi á lọ sísàlẹ̀, òkè á gbẹ, ọ̀rinrin á sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Ẹ dúró di ọjọ́ kejì kí ẹ tó fi kún un. Bí ẹ bá bu ìtẹ́lẹ̀ ìsàlẹ̀ tí ẹ fún un tí omi kán, ó ti pọ̀ jù.

Bí kò bá tó síbẹ̀, ẹ sún abọ́ omi sún mọ́ àárín, tàbí kí ẹ dín ojú nẹ́ẹ̀tì kù sí i. Nígbà tí ejò bá fẹ́ bọ́ awọ, tí ojú rẹ̀ ràn bíi wàrà, ẹ gbé abọ́ ike onídèérí kan tó ní ihò wọlé, kí ẹ fi sphagnum moss, ewéko rírọ̀ tó ń fa omi mu, tí ẹ rẹ sómi tí ẹ sì fún dáadáa kún inú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ ìdánwò

Ẹ tan gbogbo rẹ̀ fún ọjọ́ méje láìsí ejò nínú rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́: ìdájí kí iná tó tàn, nítorí ìgbà náà ló tutù jù, ọ̀sán gangan, àti wákàtí kan lẹ́yìn tí iná bá kú. Ọ̀pọ̀ ìṣòro tí ẹ bá rí níbí, skúrúù méjì tàbí gílóòbù mìíràn ló máa yanjú ẹ̀. Apá tútù ń gbóná jù? Ẹ dín wáàtì kù, tàbí kí ẹ sún iná sún mọ́ ògiri. Òkúta tutù, afẹ́fẹ́ sì gbóná? Iná jìnnà sí i. Ẹ gbé òkúta sókè lórí bíríkì tó dúró ṣinṣin. Ẹ dánwò ìjàǹbá pẹ̀lú: ẹ yọ orí wáyà thermostat, ẹ rì í bọ inú omi tútù fún ìṣẹ́jú 20, ẹ wo bí òkúta ṣe gbóná tó, kí ẹ sì gbọ́ bóyá aago ìkìlọ̀ ké. Bí òkúta bá sáré kọjá 45°C, ẹ ra gílóòbù tó kéré sí i.

Ohun tí ejò fúnra rẹ̀ á fi hàn

Bó bá wà lápá tútù ní gbogbo ìgbà, apá gbígbóná ti gbóná jù. Bó bá lẹ̀ mọ́ apá gbígbóná tí kì í kúrò, apá kejì ti tutù jù tàbí ibùba rẹ̀ kò há tó. Ejò tó ń rì sínú omi látàárọ̀ dalẹ́, ooru ló ń lé e síbẹ̀, tàbí kòkòrò dúdú wẹ́wẹ́ tó ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ abọ́, ẹ ó rí òkú wọn bí ata lílọ̀. Èyí tó ń fi imú ha dígí lóru títí yóò fi bó ń wá ọ̀nà àbáyọ: ẹ kọ́kọ́ wọn ooru, lẹ́yìn náà ẹ fi ibùba kún un.

Awọ tó bọ́ yẹ kó jáde lódindi, pẹ̀lú ti ojú méjèèjì. Bó bá ń já wẹ́wẹ́, ọ̀rinrin kò tó. Ẹ má fi èékánná yọ èyí tó bá kù lójú. Ẹ gbé ejò sínú abọ́ moss fún ọjọ́ kan sí méjì, bí kò bá sì bọ́, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko. Bó bá ń ya ẹnu mí, tí itọ́ ń hó lẹ́nu tàbí nímú rẹ̀, tó ń dún fíìn-fíìn, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró nìyẹn, òtútù tó pàdé ọ̀rinrin ló sì sábà máa ń fà á. Ẹ gbé apá gbígbóná dé òkè ìwọ̀n rẹ̀, kí ẹ sì lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà; kì í lọ fúnra rẹ̀.

Bí iná bá lọ, tàbí bí ooru ojú ọjọ́ bá pọ̀ jù

Fún wákàtí díẹ̀, ẹ bo àpótí ní bùláńkẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ihò afẹ́fẹ́ sílẹ̀, ẹ má ṣílẹ̀kùn. Bó bá pẹ́ ju ìyẹn lọ tí yàrá sì ń tutù sísàlẹ̀ 20°C, ẹ rọ omi tó wà ní bíi 40°C sínú ìgò lítà méjì, ẹ fi táwẹ̀lì wé e, ẹ gbé e sí apá gbígbóná, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má tan èédú tàbí sítóòfù nínú yàrá náà. Ẹ má fún un lóúnjẹ títí ooru á fi padà dúró fún odidi ọjọ́ kan.

Thermostat lè dín ooru kù, kò lè mú òtútù wá. Nígbà tí yàrá fúnra rẹ̀ bá ti dé 32°C, ẹ pa gbogbo iná ooru, ẹ gbé àpótí lọ sí yàrá tó tutù jù, tàbí kí ẹ fi táwẹ̀lì wé ìgò omi dídì, kí ẹ gbé e lé orí nẹ́ẹ̀tì lápá kan ṣoṣo. Kí fáànù máa fẹ́ sí yàrá, kó má dojú kọ ejò.

Nígbà tó bá wọlé

Ẹ gbé àpò tí ejò wà nínú rẹ̀ sínú àpótí, ẹ tú ẹnu rẹ̀, kí ẹ ti ilẹ̀kùn. Fún ọjọ́ méje, omi nìkan ni kí ẹ máa pààrọ̀, kí ẹ sì máa kó ìgbẹ́. Ẹ fọ ọwọ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fọwọ́ kan án tàbí ilé rẹ̀, nítorí kòkòrò Salmonella. Lọ́jọ́ kẹjọ, lẹ́yìn tí iná bá ti kú, ẹ fún un ní eku kan tó nípọn tó ibi tó nípọn jù lára rẹ̀, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá jẹ ẹ́, kó sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé e fún wákàtí 48. Bí kò bá jẹ ẹ́, ẹ kó eku náà kúrò kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ wọn ojú òkúta àti apá méjèèjì, kí ẹ tún fún un lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.